Àwọn Ẹyẹ Ẹ̀yìn Kofar Kware

Nígbà tí Kúlúsúmù kọ́kọ́ ti Ìlọrin dé Sókótó, obì tó ń tà nìkan ló gbájú mọ́. Àlàkẹ́, aládùúgbò rẹ̀ ní Kofar Marke, ló kọ́ ọ ní wíwo ẹyẹ. Bí ìgbà òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn méjèèjì a tètè palẹ̀ ọjà mọ́, wọn a gba ẹnubodè Kofar Kware jáde lọ sí fàdámà, àbàtà tí odò máa ń fi sílẹ̀ bó bá ń fà. Ibẹ̀ ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ odò ń bà sí láti ilẹ̀ òtútù, ọ̀wọ́ lẹ́yìn ọ̀wọ́.

“Wo ìyẹn bó ṣe ń mi ìdí!” ni Àlàkẹ́ máa ń wí. “Ìyàwó alápatà gẹ́lẹ́!”

Wọn a rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Ní ọdún 1956, Jàfárù, ọmọ Kúlúsúmù, fẹ́ fẹ́ Kúbúrá, ọmọ oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan. Nígbà tí ìyá àti ọmọ lọ sílé ọmọbìnrin náà láti gbọ́ èsì ìtọrọ, Kúlúsúmù mú Àlàkẹ́ lọ́wọ́, kí ó lè bá a sọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ní rere. Àlímátù, ẹ̀gbọ́n bàbá Kúbúrá, kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

“Ìyá Jàfárù, ẹ má bínú. Wọ́n ní ẹ máa ń lọ bá ẹyẹ ṣèpàdé lẹ́bàá odò. Obìnrin tó ń bá ẹyẹ ṣe, a ò lè fọmọ sílé rẹ̀.”

Ọkàn Kúlúsúmù balẹ̀. Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?

“Wíwò là ń wò wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi. Àlàkẹ́ rèé, òun ló mú mi débẹ̀. Ẹ bi í.”

Gbogbo ojú yí sí Àlàkẹ́. Ìyàwó ọmọ tirẹ̀ wà nínú oyún àkọ́bí, ó sì mọ ohun tí ahọ́n ará ọjà lè ṣe. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

“Èmi? Èmi ò débẹ̀ rí o.”

Kúlúsúmù ń retí kí ó bú sẹ́rìn-ín, kí ó ní eré ni. Ẹní ni Àlàkẹ́ tẹjú mọ́.

Wọ́n dá ẹrù ìtọrọ padà. Jàfárù yára ṣíwájú lọ sílé, ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tí ọyẹ́ wọlé, Àlàkẹ́ wá kanlẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ kan.

“Kúlú, wọ́n ti dé! Jẹ́ ká gba ẹ̀yìn odi, ẹnikẹ́ni ò ní rí wa.”

“Àwọn wo ló dé?”

“Àwọn ẹyẹ wa mà ni.”

“Ẹyẹ wo? Ìwọ tí o ò débẹ̀ rí?”

Kúlúsúmù pa ilẹ̀kùn dé. Láti inú ilé, ó ń gbọ́ igbe àwọn ẹyẹ náà bí wọ́n ti ń fò kọjá sí ìhà odò. Kò jáde.