Ẹni Tó Ń Wọ Ihò Kẹ́yìn

Mo mọ̀ pé àgbà ni ìtàn ìgbà èwe yẹ, kì í ṣe irú èmi tí kò tíì ní ewú kan lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń gun òkè wa lónìí, tí ẹ ń fi fóònù ya ihò náà ní fọ́tò, ẹ kò mọ bí ó ṣe rí nígbà tí èmi kéré. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé.

Nígbà náà, àlejò kankan kì í wá sí abúlé wa. Ọkọ̀ tó bá kúrò ní Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò wa níbí, tó ń lọ sí Glei àti Notsé, kì í tilẹ̀ dúró lórí títì níwájú wa àfi bí ẹnìkan bá fẹ́ ra iṣu. Òkè wà lẹ́yìn ilé wa, ihò sì wà nínú òkè. Bí o bá ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé, wàá kọ́kọ́ tẹ̀ba bí ẹni tó ń kí àna. Lẹ́yìn náà ni òrùlé á ga lójijì, á ga ju ti ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Lókè pátápátá, àpáta náà lu, oòrùn ọ̀sán sì ń gba ibẹ̀ wọlé, á dúró gbọnrangandan láàárín ilẹ̀ bí òpó. Omi ń kán lára òkúta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni àwọn àká alámọ̀ wà, tí àwọn baba ńlá wa mọ síbẹ̀ láti kó ọkà sí nígbà tí ogun ń lé wọn kiri. Èéfín iná wọn ṣì wà lára àpáta títí di òní, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ìdílé ìyá mi ló ń tọ́jú ihò yìí, ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló sì wà nídìí rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí a bá ti wa iṣu tuntun tán, á kó gbogbo àwa ọmọ ọmọ rẹ̀ gòkè láti lọ gbá ihò náà. Àwa á gbé ìgbálẹ̀, ẹnìkan á ru abọ́ iṣu sísun. Bí a bá dé ẹnu ihò, á fi ọwọ́ ya àmì àgbélébùú sáyà, torí ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni, á wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí gbogbo wa lè wọlé. Òun ló máa ń wọlé kẹ́yìn. Èmi rò pé orúnkún ló ń dùn ún.

Èmi ni mo máa ń wọlé ṣáájú. Kò sí ọdún tí ẹlòmíràn ṣáájú mi. Láti ìsàlẹ̀ òkè ni màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, màá máa fi ìgbọ̀nwọ́ ti àwọn tó kù. Mo mọ ibi tí àwọn àdán ń so rọ̀ sí, mo mọ ọ̀nà tóóró tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi àyà wọ́ kọjá kó tó dé yàrá kejì. Mo máa ń dúró sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn, màá fọwọ́ lé ìbàdí, màá máa wo àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ń wọlé, àfi bí onílé tó ń gba àlejò.

Àbúrò mi kan wà, ọmọ àbúrò ìyá mi, ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ. Ẹ̀yìn ló máa ń wà ṣáá. Bí ẹ̀gún bá gún ọmọ kan lẹ́sẹ̀, òun ni yóò jókòó tì í. Bí abọ́ iṣu bá wúwo lórí ẹni tó rù ú, òun ni yóò gbà á. Kí òun àti ìyá àgbà tó dé ẹnu ihò, àwa ti gun orí òkúta, a ti ń pariwo pé ebi ń pa wá. A máa ń pè é ní ìgbín. Á rẹ́rìn-ín, á ní ó dáa, ìgbín kì í gbàgbé ẹrù rẹ̀ sọ́nà.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo fi iléèwé sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi alùpùpù gbé èrò ní Atakpamé. Àsìkò yẹn ni àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Tọkọtaya òyìnbó kan ló kọ́kọ́ dé, èmi àti ẹnìkejì mi nídìí iṣẹ́ la gbé wọn wá. Wọ́n wọ inú ihò, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìsí ẹni tó nà án. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Lomé, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Kútọnu. Àwọn kan fẹ́ sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí wọ́n lè rí bí ìkùukùu ṣe ń bo gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìhà Glei láàárọ̀ bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. A tẹ́ ẹní àti tìmùtìmù fún wọn ní yàrá àkọ́kọ́, àwọn ìyá wa sì ń gún iyán fún wọn.

Ni àwọn àgbà abúlé bá sọ pé ihò yìí kò lè wà láìní ẹni tí a ó máa bi léèrè. Ìyá àgbà ti darúgbó, kó fa ọmọ kan kalẹ̀ tí yóò rọ́pò rẹ̀. Lọ́kàn tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí, èmi ni. Mo tilẹ̀ ra bàtà tuntun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó pe ìdílé jọ, oko ni àbúrò mi ti ń bọ̀, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Òun ni ìyá àgbà nàka sí.

Mo jowú. Níwájú gbogbo wọn ni mo ti bi ìyá àgbà pé láti kékeré wa, ta ló máa ń ṣáájú wọlé.

Ó wò mí títí. "Ìwọ ni," ó ní. "Ta ló máa ń bá mi dúró?"

Ìgbà náà ló wá sọ ohun tí kò sọ fún wa rí. Ó ní nígbà ogun, ẹ̀rù ló ń ba ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ihò, kò sì burú, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ihò ni ẹni tó dúró níta títí ọmọ tó kẹ́yìn fi wọlé, tó wẹ̀yìn wò, kó tó wọlé kó sì yí òkúta dí ẹnu ọ̀nà. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá ṣì wà níta, kò gbọdọ̀ wọlé. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣàìsọ fún wa ni, torí bí òun bá sọ ọ́, gbogbo wa ni à bá máa fà sẹ́yìn nítorí ipò. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ní à bá ṣì wà ní ìsàlẹ̀ òkè títí di òní. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi èmi.

Wọ́n dá ọjọ́ tí a ó gòkè lọ fa ihò náà lé àbúrò mi lọ́wọ́. Àṣà rẹ̀ kò le. Ìyá àgbà, tó ti ń wọlé kẹ́yìn láti ọjọ́ pípẹ́, yóò wọlé ṣáájú ẹni tuntun. Ẹni tuntun yóò wá wọlé lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, ìyá àgbà yóò sì gbá a lọ́wọ́ mú nínú lọ́hùn-ún. Ó parí.

Ẹ̀yìn la fi pọn ìyá àgbà gòkè lọ́jọ́ náà, a ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Àwọn ènìyàn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà wọlé. Ó wá ku èmi àti àbúrò mi níta. Mo jókòó sórí òkúta kan, mo na ẹsẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Bí mi ò bá wọlé, kò lè wọlé. Bí ó bá sì wọlé nígbà tí mo ṣì wà níta, ó ti ba oyè náà jẹ́ fúnra rẹ̀ lójú gbogbo ìdílé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé," ó ní.

"Ìwọ wọlé. Ṣebí ìwọ lo ni ín."

Ó dúró. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ó wá ń rọ̀ gan-an. Láti inú ihò, wọ́n ń bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, wọ́n ní òtútù ti ń mú ìyá àgbà. Mo ń retí kí ó bú mi kí n lè rí ìdí jà, tàbí kí ó kàn wọlé kí n lè rí nǹkan sọ. Omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, inú ń bí mi sí yín gan-an. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa níbí, á ṣú bá wa. Mi ò ní fi yín sílẹ̀ níta."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe rere. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sú. Mo wo ojú rẹ̀, mo wá bi ara mi léèrè pé, ká ní òun ló jókòó sórí òkúta yẹn, tí èmi wà lórí ìdúró, kí ni ǹ bá ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ kò pẹ́ kó tó wá. Ǹ bá ti wọlé tipẹ́.

Mo dìde, mo tẹ̀ba, mo wọlé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìyá àgbà na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ó di ti àbúrò mi mú. Ó wá sọ fún mi wẹ́rẹ́, kí àwọn tó kù má baà gbọ́: "Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kí o mọ bí a ṣe ń dúró, àmọ́ kì í ṣe irú èyí."

Ayé ti yí padà lórí òkè wa. Ìbẹ̀rù ló ń lé àwọn baba wa wọ ihò. Àwọn ènìyàn ń wọ ọkọ̀ òfurufú wá báyìí kí wọ́n lè sùn sínú rẹ̀. Iná fóònù ti lé àwọn àdán lọ sí yàrá kejì. Àwọn ọmọdé kì í gbá ibẹ̀ mọ́, omi tútù ni wọ́n ń gbé wá tà. Èmi àti àbúrò mi jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi ń mú tọ́ọ̀ṣì ṣáájú, àwọn àlejò ń pè mí ní ọ̀gá, wọ́n ń bá mi ya fọ́tò. Ojú mi wà nínú fóònù ní ìlú tí ẹsẹ̀ mi kò ní dé láéláé. Òun, ẹ̀yìn ló wà, ó ń gbé báàgì ìyá arúgbó kan, ó ń dúró de ẹni tó ń so okùn bàtà. Wọn kì í mọ̀ pé òun gan-an ni onílé tí wọ́n wá bá.

Kí n má purọ́ fún yín, mo ṣì ń jowú rẹ̀. Mo tilẹ̀ ti gbìyànjú rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ mìíràn, màá ní kó mú tọ́ọ̀ṣì, kí èmi dúró sẹ́yìn. Kò ní bi mí léèrè, á kàn mú un. Ṣùgbọ́n bí àlejò kan bá ti dúró wo labalábá pẹ́ díẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ mi á ti máa yún mi. Kí n tó mọ̀, mo ti kọjá gbogbo wọn, mo ti wà níwájú, ohùn rẹ̀ á sì máa bọ̀ láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, tó ń sọ fún ẹnìkan pé kó rọra, kò sí ìkánjú.