Eérú Àpò Méjì àti Àṣekágbá Tí Wọ́n Tà

Eérú ni a fi ń wọ pápá bọ́ọ̀lù ìlú wa. Ẹni tó bá ń ka èyí ní Èkó lè rò pé mò ń ṣàwàdà. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ, n kò rí i kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó wo àṣekágbá ìdíje tí àwa àti àwọn ìlú tó yí wa ká máa ń gbá ní ìgbà Kérésì: Òkè-Ìmẹ̀sí, Ẹ̀rìò, Ẹ̀fọ̀n, títí dé Odò-Ọwá. Pápá tiwa ni àṣekágbá máa ń wà lọ́dọọdún, torí pé láàárín gbogbo òkè wọ̀nyí, tiwa ló tẹ́jú jù. Ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan ń mú wá kò ju eérú ìdí ààrò lọ. Wọ́n á máa kó o sínú agolo ní gbogbo ọdún, ọkọ mi á wá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á gbà á láti ojúlé dé ojúlé, á fi ajọ̀ jọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná bí èlùbọ́. Òun ló fi ń fa ìlà pápá.

Bí bọ́ọ̀lù bá wá ń lọ, ẹ ó rí àgbàlagbà tó ń na ìka sí ìlà, tó ń sọ pé, "Eérú ulé wa rèé." Irọ́ ni. Kò sí ẹni tó lè dá eérú mọ̀ lára eérú. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la máa ń pa á.

Iṣẹ́ tèmi ni okùn. Ọkọ mi á kan èèkàn mọ́lẹ̀ ní ìkangun kan, á so okùn mọ́ ọn, èmi á di okùn náà mú ní ìkangun kejì. Òun á wá máa fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi, agolo mílíìkì tí wọ́n dá ihò sí nídìí lọ́wọ́ rẹ̀, á máa gbọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí. Mo máa ń sọ fún un pé ọdọọdún ni ìdí rẹ̀ ń gbẹ sí i. Á ní kí n dákẹ́, kí n fa okùn le, pé ẹ̀rín obìnrin ló ń mú kí ìlà wọ́.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún mi ní orí tó ń rántí orúkọ. Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá yẹn, mo mọ orúkọ ìyá tó bí wọn. N kò ní kọ ọ̀kankan síbí. Bí mo bá kọ ogún tí mo fo ẹnì kan, òun ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn mi.

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ mi kò dúró de Kérésì. Inú òjò ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó eérú kiri. Mo bi í pé kí ló ń lé e. Ó ní eérú kì í ṣá kì í bà jẹ́, kí ló burú nínú kéèyàn tètè kó o. Àpò méjì ló jọ̀ kún, ó dì wọ́n lẹ́nu, ó gbé wọn sí kọ̀rọ̀ yàrá wa. Lẹ́yìn náà ló dùbúlẹ̀. Kò dìde mọ́.

Àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ló kan pósí rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló kan òpó góòlù méjèèjì tó wà ní pápá. Àwọn ọmọ mi ra sítóòfù gáàsì fún mi, wọ́n ní kí n má fi èéfín pa ojú ara mi. N kò bá wọn jiyàn. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, n kò dáná ní ààrò ẹ̀yìnkùlé mọ́. Kí ni mo fẹ́ sè? Ta ni yóò jẹ ẹ́? Àpò méjì yẹn nìkan ni mo ń ṣọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ ni pé kí eérú tí ó jọ̀ kẹ́yìn di ìlà lórí pápá tirẹ̀, kí bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ kọjá, kí n tó gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti parí.

Ni a bá gbọ́ pé wọ́n ti ta àṣekágbá.

Ẹ̀yìn sẹmí, ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, ni ìròyìn náà jáde. Ẹ̀rìò àti Ẹ̀fọ̀n ló fẹ́ gbá àṣekágbá. Àwa àti Òkè-Ìmẹ̀sí ti já. Ọkùnrin olówó kan mọ odi yí pápá kan ká ní ojú ọ̀nà Àrámọ̀kọ, ó to àga sínú rẹ̀, ó ṣe géètì sí i. Òun ló ra ẹ̀tọ́ láti gbàlejò àṣekágbá lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdíje. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọn yóò fi wọlé. Iye tí wọ́n tà á, n kò mọ̀, n kò sì bèèrè.

Ìlú gbóná. Ẹnì kan fi èédú kọ ọ́ sí ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pé, ÀṢEKÁGBÁ KÌ Í ṢE EWÚRẸ́. Alákàrà kọ̀ láti ta àkàrà fún alága ìgbìmọ̀, ó ní kó lọ rà á ní ibi tí wọ́n ti ń ja tíkẹ́ẹ̀tì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó gbàdúrà ìparí bẹ Ọlọ́run kó ṣàánú fún àwọn tó ń ta ohun tí wọn kò gbìn, gbogbo wa sì ṣe àmín ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn èwe ń kó ọ̀rọ̀ kiri orí fóònù. Wọ́n ní ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìlú mọ́. Àwọn ará Ẹ̀rìò pàápàá, tí àṣekágbá jẹ́ tiwọn, ń sọ pé àwọn kò san nǹkan kan.

Káfíńtà ló gbóná jù. Wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn, nítorí náà ìyàwó ló ń pè mí, ọkọ mi ni èmi náà ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ sóko. Ó kó àwọn ọkùnrin bíi márùn-ún lẹ́yìn wá sí ilé mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

"Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àpò méjì yẹn jáde."

Mo bi í pé níbo ni wọ́n ń gbé e lọ. Ó ní iwájú ilé alága ni, pé wọ́n á dà á sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kó lè mọ̀ pé eérú gbogbo ìlú ni òun tà.

Mo wọ yàrá, mo jókòó lé àpò kan.

"Ẹ̀gbọ́n yín kò jọ̀ eérú láti fi bú ènìyàn," ni mo wí. "Ẹni tó bá da eérú, ẹ mọ ẹni tí í tọ̀."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí. Ó ní mo ti fúyẹ́ láti ìgbà ìsìnkú, òun lè gbé èmi àti àpò pọ̀. Mo ní kó dán an wò, pé èmi náà á pọ̀n ọ́n bí mo ṣe máa ń pọ̀n ọ́n, a ó jọ lọ. Àwọn tó kó lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín níta. Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lójú rẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó lé àpò kejì. A jókòó bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò ní gáréèjì.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí ilé alága. Èèyàn dáadáa ni. Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ọkọ mi ló jókòó sí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá wa, ṣé ẹ̀yin náà wá bú mi ni?" Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò jáde. Ó ní àwọ̀n góòlù ti ya tán, pé àwọn ọmọ ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù, pé owó náà ni òun fẹ́ fi ra àwọ̀n àti bàtà, òun sì rò pé inú gbogbo ènìyàn á dùn. Kò sí ibi tí òun fẹ́ gbé owó náà sá lọ. Ó ti fọwọ́ sí ìwé, kò sì ṣeé dá padà.

Mo gbà á gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí síbẹ̀. Mo dìde. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí nǹkan kan tó sọ sí mi lọ́kàn.

"Ọmọ mi, ìdíje ipò kẹta ńkọ́? Ṣé ẹ tà á mọ́ ọn?"

"Ipò kẹta? Ta ni yóò ra ìyẹn, Ìyá wa?"

"Níbo ni wọ́n ti fẹ́ gbá a?"

Ó ronú díẹ̀. "Kò sí ẹni tó tíì bi mí," ló wí.

Ó yẹ kí n sọ bí ìdíje ipò kẹta ṣe máa ń rí. Àárọ̀ ọjọ́ àṣekágbá ni wọ́n máa ń gbá a, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń jẹun nílé. Ewúrẹ́ ló máa ń wò ó jù. Ṣùgbọ́n àwa àti Òkè-Ìmẹ̀sí ló fẹ́ gbá a lọ́tẹ̀ yìí.

Mo sọ fún káfíńtà pé ká gbá ipò kẹta ní pápá tiwa, ká fi eérú náà fa ìlà rẹ̀. Kò kọ́kọ́ fẹ́. Ó ní wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ dé Ìjerò, pé àwọn tó já ń ṣe àjọ̀dún. Ó gé pákó díẹ̀, ó dúró, ó bi mí ní aago tí àṣekágbá Àrámọ̀kọ máa bẹ̀rẹ̀. Mo ní aago mẹ́rin ni.

"Aago mẹ́rin ni tiwa náà," ló wí, ó sì ń gé pákó rẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, a gbé àpò méjèèjì lọ sí pápá. Ìṣòro tí ẹnikẹ́ni kò rò ni ti ẹni tó máa fa ìlà. Káfíńtà gbìyànjú. Iwájú ló ń rìn sí, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ eérú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà. Mo gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé okùn fún un, mo ní kó lọ dúró ní ibi tí mo máa ń dúró sí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Ìgbà náà ni mo rí ohun tí ọkọ mi ń rí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn: ìlà tó ti fà, tó ń gùn sí i níwájú rẹ̀, tí kò sì rí ibi tó ń lọ rárá. Okùn tó le lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ló fi mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun. Mo sunkún díẹ̀. Eérú ni mo pè é.

Róbótó àárín pápá kò gún. Ìdí ń ro mí, okùn sì dẹ̀. Àwọn tó dúró wò ó, wọ́n ní, "Ìyá, ẹyin lẹ fà yìí." Òmíràn ní kí wọ́n lọ mú adìẹ wá kó sàba lé e. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ kó gún kó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó ku ojú góòlù kan ṣoṣo nígbà tí eérú àpò kejì tán. A ń wo ara wa nígbà tí alága dé, ó wọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ sí Àrámọ̀kọ, ó gbé agolo eérú kan dání. Ẹnikẹ́ni kò kí i. Ó rìn gba àárín gbogbo wọn wá bá wa, ó gbé agolo náà sílẹ̀. Káfíńtà tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi ìka méjì yẹ̀ ẹ́ wò.

"Alága," ló wí, "ta lo ra eérú yìí lọ́wọ́ rẹ̀?"

Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín, alága náà sì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán níbẹ̀. Eérú rẹ̀ la fi parí ojú góòlù. Bó ṣe gun ọ̀kadà tó ń lọ sí àṣekágbá tirẹ̀, wọ́n ń kígbe tẹ̀ lé e pé kó bá àwọn kí àwọn àga.

Èrò pọ̀ ju ti àṣekágbá tí mo rántí lọ. Òkè-Ìmẹ̀sí kó mọ́tò wá. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì, bọ́ọ̀sì kan dé láti Ẹ̀rìò. Wọ́n ti dé géètì Àrámọ̀kọ, wọ́n rí tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n yí mọ́tò padà. Wọ́n ń wo tiwa, wọ́n ń fi fóònù gbọ́ tiwọn.

A fìdí rẹmi. Òkè-Ìmẹ̀sí fi góòlù kan borí wa, ipò kẹrin la ṣe, síbẹ̀ èrò gbé àwọn ọmọ wa sí èjìká bí ẹni tó gba ife. Nígbà tí èrò túká, ẹsẹ̀ ti pa gbogbo ìlà rẹ́, àfi ẹyin àárín pápá tí ìdajì rẹ̀ ṣì hàn. Káfíńtà ká àpò òfìfo méjèèjì fún mi. A jọ rìn lọ sílé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rò ó pé àwọn aládùúgbò á tún máa kó eérú jọ báyìí, pé ilé tiwa nìkan ni kò ní mú nǹkan kan wá lọ́dún tó ń bọ̀. Bóyá wọ́n á tún ta àṣekágbá, n kò mọ̀. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo gbá ìdí ààrò, mo to igi sí i, mo fọn ọ́n títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo gbé iṣu ka iná.

Èéfín gba orí ògiri kọjá. Mo gbọ́ ohùn káfíńtà láti ilé kejì.

"Ìyàwó, ṣé ilé ń jó ni?"

"Uṣu ni, ọkọ mi," ni mo dáhùn. "Ẹ wá jẹun."