Ẹja Tí Ìyá Alárenà Bá Wa Wádìí

Múkáílà Àkànbí, ọmọ Lísàbí, ọmọ abẹ́ Olúmọ, ọmọ Ẹ̀gbá tó rí àpáta fi ṣe ilé. Bàbá Ráfíù, bàbá Kúdírátù, ọkọ Títílọlá. Ọkùnrin tó bu òkun wá sínú yàrá. Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ Okokomaiko nígbà tí igbó ṣì wà lẹ́yìn ilé, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ìwé mi kò pọ̀, ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n n kì í gbàgbé ènìyàn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ hù padà tán, yàrá kan là ń gbé nílé Alhaji Lásísì: Màámi, Múkáílà, èmi, àti àwọn ìbejì tó tẹ̀lé mi. Bàbá wa ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Màámi, Ṣìkírátù oníbọ́ǹsì, máa ń jí kí àkùkọ tó kọ láti po ìyẹ̀fun, òórùn òróró gbígbóná ló sì máa ń jí àwa yòókù. Èmi ni mo ń fọ agbada, Múkáílà ló ń fa omi kànga. Ẹni tó bá jí bọ́ǹsì jẹ, ó di kó fi ìka kan kanlẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí ẹ̀rín yóò fi pa Màámi. Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó kanlẹ̀ jù nínú wa.

Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, Múkáílà kì í gbá bọ́ọ̀lù mọ́, kì í bá wa ta ayò. Bó bá ti fa omi tán, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Màámi á mí kanlẹ̀, á ní, "Ọmọ yìí ti bá bàbá rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún wa."

Ó máa ń gé koríko nílé ọ̀gá ológun omi kan ní Navy Town. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀gá náà lọ sí ìlú mìíràn, ìyàwó rẹ̀ fún Múkáílà ní àpótí gíláàsì kan tí wọ́n ń sin ẹja òkun sí. Kò tóbi ju àpótí aṣọ ọmọ ilé ìwé lọ. Orí ló fi rù ú délé. Màámi rí i, ó pàtẹ́wọ́: "Alhamdulillahi! Ṣóò-gíláàsì bọ́ǹsì mi ti dé!"

Múkáílà ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹja ni mo fẹ́ fi sí i."

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà nìyẹn. Màámi wo ojú rẹ̀, ó sì padà sídìí agbada rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí a ṣe. Omi kànga la dà sí i, a wá bu iyọ̀ ọbẹ̀ lé e. Èmi ni mo ń tọ́ ọ wò bí ẹni ń se ẹ̀fọ́, mo ń sọ pé kò tíì dùn tó. Ẹja tí a mú nínú ọ̀sà Ọ̀jọ́ kò bá wa jí láàárọ̀. Nígbà kejì, Bàbá Sèwánù, Ègùn kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò, gbé wa kọjá ọ̀sà lọ sétí òkun, a pọn omi òkun gan-an sínú kẹ́ẹ̀gì. A kó ẹja funfun mẹ́ta, èmi sì bẹ̀bẹ̀ fún akàn kan tó pọ́n bí ata rodo. Akàn yìí jẹ ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà kú tẹ̀lé wọn, òórùn sì gba gbogbo ilé títí dé yàrá onílé. Ọjọ́ yẹn ni Màámi bínú.

"Múkáílà, ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Bí èyí tó kàn bá tún kú, bọ́ǹsì ni yóò wọ ibẹ̀."

A mọ̀ pé kò ṣàwàdà. Eruku títì ń ba ọjà rẹ̀ jẹ́, ọjà yẹn la sì ń jẹ. Múkáílà padà sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ìyá Sábítíyù bá wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni, Ìyànà Ìbà ló ń gbé. Àwọn ènìyàn ń pè é ní Ìyá Alárenà, nítorí pé bí ìdílé bá fẹ́ gbé ìyàwó fún ọmọ wọn, òun ni wọ́n máa ń rán láti lọ wádìí ilé ọmọge náà. Ó gbọ́ ẹjọ́ ẹja tán, ó ní:

"Ta ló ṣe alárenà?"

"Alárenà kẹ̀, Ìyá? Ẹja ni o."

"Ẹ kó àlejò mẹ́rin jọ sí yàrá kan, ẹ ò béèrè ilé tí ẹnikẹ́ni ti wá. Ó ti wù yín lójú, ẹ gbé e. Ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹ́ ìyá yín?"

Màámi pariwo láti ìdí agbada: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ yọ tèmi kúrò níbẹ̀."

"Ìyàwó wa, máa din bọ́ǹsì rẹ. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ṣọ́ ẹ nídìí kànga kí n tó jẹ́ kí àbúrò mi kí ẹ."

Lọ́jọ́ Àìkú, ó bá wa wọ ọkọ̀ Bàbá Sèwánù lọ sétí òkun, ó fi ọwọ́ kan di ìbòrí mú, ó fi èkejì di èmi mú. Ohunkóhun tí Múkáílà bá rí mú, inú báàfù ló ń lọ, Ìyá á wá kọjú sí Bàbá Sèwánù. Báwo ni ìyá èyí ṣe tóbi tó? Kí ni wọ́n ń jẹ nílé wọn? Ṣé oníjà ni wọ́n?

Múkáílà ní ká kó méje lọ. Ìyá ní, "Yàrá kan ni wọ́n ní."

"Ìyá, yàrá kan làwa márùn-ún ń gbé, a ò sì pa ara wa."

"Ẹ ṣì ń pa ara yín lọ́wọ́."

Níkẹyìn ó ku ẹja méjì, kálukú nínú báàfù tirẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ abilà, ìyeyè àti dúdú, ó ń dán bí aṣọ ọdún. Èkejì ní àwọ̀ yanrìn, orí ńlá, ojú méjèèjì lókè orí bí ẹni tí ẹ̀rù bà. Bàbá Sèwánù nawọ́ sí abilà, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá èyí? Ó gùn tó apá mi yìí! Ó kéré lónìí ni, ó ń tàn yín." Ó wo olórí ńlá. "Tèyí, bàbá rẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀, bí ìka ọwọ́ ni gbogbo wọn. Abẹ́ òkúta ni ilé wọn. Wọn kì í wá ìjà ẹnikẹ́ni."

Ìyá já edé wẹ́wẹ́ sí báàfù méjèèjì. Abilà kọ̀yìn sí i. Olórí ńlá yọ jáde, ó gbé edé mì, ó tún wá síwájú Múkáílà bí ẹni pé kó fi kún un.

"Àlejò tó bá jẹun nílé rẹ, á sùn níbẹ̀," ni Ìyá wí. "Mo ti wádìí tèmi tán. Alárenà kì í báni fẹ́. Ìwọ lo nilé."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, abilà ni mo fẹ́. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ti ń sunkún. Múkáílà náà fẹ́ ẹ, mo rí i lójú rẹ̀. Ó wo báàfù náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé e, ó rìn wọ omi dé orúnkún, ó sì dà á padà sínú òkun. Nígbà tó máa bọ̀, ojú rẹ̀ tutù, bóyá omi òkun ni, n kò mọ̀. Ó ní, "Olórí ńlá yìí ni mo mú." Ìyá wá fi ìsáwùrù méjì kún un láti máa jẹ ohun aláwọ̀ ewé tó ń dì mọ́ gíláàsì. Ó ní àwọn yẹn kò lè bá ẹnikẹ́ni du yàrá, torí wọ́n gbé ilé tiwọn wá.

A sọ ẹja náà ní Ọkọ Ìyàwó. A kò ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi, nítorí náà Bàbá Sèwánù kọ́ wa pé ká máa fi kọ́ọ̀pù bu omi náà, ká máa dà á padà láti òkè kó lè hó, kí atẹ́gùn sì wọ inú rẹ̀. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, a ń bù, a ń dà, apá ń ro wá. Màámi kì í dá sí i. Á kàn kọjá, á yínmú, á lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìró omi ló jí mi. Mo rò pé Múkáílà ni, àfi bí mo ṣe rí i tó jókòó lórí ẹní, tó la ẹnu sílẹ̀. Màámi ló dúró nídìí gíláàsì, ìyẹ̀fun lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, kọ́ọ̀pù lọ́wọ́.

"Ọkọ Ìyàwó, ṣé ẹ jí dáadáa? Ẹ má dáhùn o, ẹ sáà máa mí."

Múkáílà rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Àwọn ìbejì jí, wọ́n ń bá a rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí rẹ̀. Láti ọjọ́ ikú Bàbá, a kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Màámi ní kí káfíńtà kan kan igi pọ̀ fún un, ó na ọ̀rá funfun sí i, ó sì ń ta bọ́ǹsì rẹ̀ nínú rẹ̀. Kò tún dárúkọ ṣóò-gíláàsì mọ́.

Múkáílà padà di ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, ó fẹ́ Títílọlá, Ìyá Sábítíyù náà ló sì lọ wádìí ilé wọn. Èmi nìkan ni mo fi ojú yan ọkọ àkọ́kọ́. Abilà ni.

Lóde òní, orí fóònù lọmọdé ti ń ra ẹja òkun. Iyọ̀ rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sí i tọ̀sán tòru. N kò bá ayé jà, ẹ̀rọ yẹn sàn ju apá wa lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń yára rà náà ni wọ́n ń yára sọ nù, torí wọn kì í wádìí. Múkáílà kò yé sin ẹja títí tó fi darúgbó. Lọ́dún tó kọjá, mo bá Kúdírátù ọmọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Kò tíì béèrè iye rẹ̀ tó fi ní, "Ẹ fún un lóúnjẹ kí n rí i. Báwo ni ìyá rẹ̀ ṣe tóbi tó?" Ẹlẹ́ja ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ ohùn Ìyá Sábítíyù ketekete.

Ọjọ́ Jímọ̀ la sin Múkáílà ní Ìbà, lẹ́yìn ìrun. Nígbà tí a padà délé, iná ti lọ, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹja rẹ̀ ti dákẹ́. Kúdírátù kò tíì tú ìbòrí tó fi lọ sí ìsìnkú. Ó mú kọ́ọ̀pù, ó bu omi, ó gbé e sókè, ó ń dà á.