Ìwé Ìdáhùn Ọ̀sẹ̀ Kejì

Ẹ̀rín ni onídìrí fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi òòyà há irun ara rẹ̀, ó sì ké sí Àǹtí Rúlà tó ń kọjá lọ ra búrẹ́dì.

"Àǹtí, ẹ rọra o! Ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni? Ọmọ mi gba mẹ́ta nínú ogún. Èmi náà jókòó bá a ṣe é, èmi náà gba mẹ́ta. Ìgbà wo ni méje lọ́nà mẹ́jọ di márùndínláàádọ́rin?"

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni."

"Ohun témi náà rò nìyẹn. Àmọ́ ìwé ìdáhùn yín ní rárá, ó sì ní òǹtẹ̀. Mo ní bóyá ìṣirò tuntun ló dé."

Àǹtí Rúlà bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó yí padà sílé. Kò ra búrẹ́dì mọ́.

Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé nídìí kíláàsì kẹta. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí kì í ka ìlà kan láì fi rúlà sábẹ́ rẹ̀. Kì í fi na ẹnikẹ́ni. "Rúlà mi ò mọ ẹgba," ni ó máa ń wí fún wọn, "ìlà ló mọ̀." Bó bá ń máàkì, rúlà á máa sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwé díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tó tún ń padà lọ fọwọ́ kàn án ni. Àṣìṣe bà á lẹ́rù ju òkùnkùn lọ.

Ní gbogbo ìsinmi, òun ló ń ṣe ìwé ìdánrawò fún kíláàsì rẹ̀, ojú ìwé gírámà kan àti ojú ìwé ìṣirò kan fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á gba ìwé. Òbí á gba àpòòwé tí ìdáhùn wà nínú rẹ̀, tí òǹtẹ̀ ilé ìwé wà lára ewé kọ̀ọ̀kan, òun ni yóò sì fi báírò pupa máàkì iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá àgbà fẹ́ràn ètò náà. Ó ní ó ń jẹ́ kí òbí mọ ọmọ tó bí.

Nínú yàrá rẹ̀, ó fa ìwé tó ti kọ́kọ́ yanjú àwọn ìṣirò náà jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìdáhùn ọ̀sẹ̀ kejì, ó sì fi rúlà sí i. Ìkíní bára mu. Ìkejì. Ìkẹta. Ní ìkẹrin, ìdáhùn ìkarùn-ún ló jókòó síbẹ̀. Ní ìkarùn-ún, ti ìkẹfà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí dé ogún, níbi tí ìdáhùn kan láti ọ̀sẹ̀ kẹta ti wá dí àlàfo.

Ó rántí ọjọ́ náà. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ó gbé rúlà sókè, ó lọ dá a lóhùn, ó padà, ó fi rúlà lélẹ̀ ní ìlà kan sísàlẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Ìwé tó bá ní òǹtẹ̀ kì í ṣe ẹyin, òkúta ni. Ẹni tó bá bà ló mọ bó ṣe wúwo tó.

Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà ní kíláàsì rẹ̀. Ó gbé fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí pe òbí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìwé wo, Àǹtí?" ni ìyá kan bi í. "Èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn? Kò tíì ṣí i o. Oorun ló ń sùn látàárọ̀."

Bàbá kan ní, "Ẹ má dààmú ara yín. Mo ti sọ fún un pé orí ìyá ẹ̀ ló gbé wáyé."

Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, ó ti bá ilé márùndínlọ́gbọ̀n sọ̀rọ̀. Ó ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Nọ́ńbà náà kò lọ. Ó tún un pè, kò lọ. Ó wo orúkọ tó kọ sí i, ó sì dà bíi pé ẹnì kan da omi tútù sí i lẹ́yìn. Onítáìlì ni.

Ní ìpàdé òbí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, ọkùnrin náà dìde láàárín gbogbo ènìyàn, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ọwọ́ gbàǹgbà ni, sìmẹ́ǹtì gbígbẹ wà láàárín ìka. "Ẹ bá mi wo ọmọ yìí dáadáa," ló wí. "Kò ní ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bó bá kùnà ẹyọ kan nínú ìwé ìsinmi yìí, èmi àti ẹ̀ ni." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àǹtí Rúlà náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wo ilẹ̀.

Ẹyọ kan, ó ní. Ìwé ìdáhùn yìí á ti ní kó kùnà mẹ́tàdínlógún.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà wọ̀ ọ́ lọ́kàn, bí yóò ṣe kọ̀wé sí i, bí ọ̀gá yóò ṣe bọ́ awò ojú kó tó sọ̀rọ̀. Ìyẹn lè dúró. Ó wọ bàtà, ó sì jáde.

Ilé onítáìlì wà lẹ́yìn ilé epo, yàrá méjì tó kọjú sí àgbàlá kan. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìyá arúgbó kan ń sá aṣọ sórí okùn.

"Wọn ò sí nílé, ọmọ mi. Ìyá ọmọ ti lọ tọ́jú ìyá tiẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti gba ìsinmi. Bàbá ẹ̀ ló ń mú un dání lọ síbi iṣẹ́."

"Ṣé ara ọmọ náà yá, mà?"

Ìyá náà na aṣọ kan tán kó tó dáhùn.

"Ara ẹ̀ yá. Ohùn ẹ̀ ni mi ò gbọ́ mọ́. Ọmọ tó máa ń kọrin títí a ó fi bẹ̀ ẹ́ pé ó tó! Ó tó ọ̀sẹ̀ kan báyìí. Ilé alájà tí wọn ò tíì kùn, níwájú ibẹ̀ yẹn, ẹ máa rí wọn."

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan. Àǹtí Rúlà kà á sẹ́yìn lórí ìka. Ó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìwé náà gan-an. Ó kọ́kọ́ ń rìn, lẹ́yìn náà ó ń yára, lẹ́yìn náà kò mọ èyí tó ń ṣe mọ́. Gbogbo ọmọ tó ń kọjá ló ń wò lápá, ló ń wò lójúgun.

Ilé náà kò tíì ní ilẹ̀kùn. Kó tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló ti gbọ́ ọ.

Gbì. Gbì. Gbì.

Nǹkan kan ń ba nǹkan kan. Ó ń dúró, ó tún ń bà á. Kò sí igbe. Àìsí igbe náà ló bà á lẹ́rù jù. Ó sáré gun òkè, ó ta ìpàǹtí kan nù, ó já wọ yàrá.

"Ẹ dákun! Ẹ dákun, ẹ fi í sílẹ̀!"

Onítáìlì gbójú sókè. Orí eékún ló wà, òòlù rọ́bà lọ́wọ́, táìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Kí ni kí n fi sílẹ̀, Àǹtí?"

Ní igun yàrá, ọmọ náà jókòó sórí páálí táìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, ìwé wà lórí itan rẹ̀. Apá rẹ̀ mọ́. Ojúgun rẹ̀ mọ́. Kò kí ènìyàn títí bàbá rẹ̀ fi wò ó.

"Màmá mi, o ò rí Àǹtí ẹ ni?"

"Ẹ káàsán, mà."

"Ó mà dáa bí ẹ ṣe wá," ni onítáìlì wí. Ó ṣan ọwọ́ nínú garawa, ó nù ún sí ṣòkòtò, ó gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, ó sì ṣí i bí ẹni ń ṣí aṣọ olówó iyebíye. "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Lákọ̀ọ́kọ́, mẹ́ta nínú ogún! Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kàn án, ẹ bi í léèrè. Mo ti búra fún ìyá ẹ̀. Mo kàn ní kó jókòó síbẹ̀ ni, kò ní dìde títí á fi bá ìwé mu."

Àǹtí Rúlà ń ṣí ìwé. Iṣẹ́ kan náà ni, ìlà ogún, tí wọ́n dà kọ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ìrésà ti dá ìwé lu. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ọmọ náà ti kọ 96 sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó pa á rẹ́, ó kọ 69, ó pa á rẹ́, ó fi àlàfo sílẹ̀. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án, gbogbo rẹ̀ bá ìwé ìdáhùn mu pátápátá. Báírò pupa máàkì ogún, ó sì yí òbìrí ká a.

"Ẹ rí i?" ni bàbá wí. Ojú rẹ̀ ń dán. "Ó ti mọ̀ ọ́n."

Kò sí ọmọ tó lè ṣírò kó dé ibi tí àwọn nọ́ńbà yẹn wà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló débẹ̀.

"Níbo lẹ máa ń fi ìwé ìdáhùn sí?"

"Inú àpótí irinṣẹ́ mi."

Ẹsẹ̀ ọmọ náà, tó ti ń mì fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lára páálí, dúró. Àǹtí Rúlà rí i. Kò béèrè nǹkan mìíràn. Ó ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, ti gírámà: *Kọ gbólóhùn kúkúrú márùn-ún. Fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe.*

Mo jókòó. Mo kọ ọ́. Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ. Bàbá mi ń bọ̀.

Ọmọ náà fa ìlà sí ibi tó yẹ. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi," ni Àǹtí Rúlà wí. "Ìwé ìdáhùn ni kò tọ́. Èmi ni mo ṣì í kọ. Ohun tí ọmọ yín kọ lákọ̀ọ́kọ́ ló tọ́. Mọ́kàndínlógún ló gbà."

Onítáìlì wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ láàánú o. Ìyá ẹ̀ ló ránṣẹ́ sí yín, àbí? Ó ti bẹ̀ mí títí kó tó lọ, kò rí mi mú, ó wá lọ bẹ tíṣà." Ó fa ìwé náà jáde láti inú àpótí irinṣẹ́, ó fi ìka lé òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù. "Ẹ wò ó, èmi ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà méjì bá jọra, mo mọ̀. Ilé ìwé ló lu òǹtẹ̀ yìí. Ṣé òǹtẹ̀ náà ṣì í kọ ni?"

"Òǹtẹ̀ ò mọ ìṣirò, Bàbá," ni Àǹtí Rúlà wí.

"Ìwọ ọmọ, gbójú kúrò," ni onítáìlì wí fún ọmọ tó ti gbójú sókè.

Ọmọ náà tẹ orí ba. Àǹtí Rúlà wo yàrá náà yíká, ó wo okùn tí wọ́n ta sílẹ̀, ó wo páálí. Ó tún bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́.

"Ẹ bá mi wo yàrá kan. Táìlì méjìlá ló gba ìbú ẹ̀. Ìtò mẹ́jọ. Mélòó lẹ máa gbé wá?"

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún," ni onítáìlì wí. Kò ronú rárá. "Kí ẹ fi mẹ́rin lé e fún èyí tó bá fọ́."

"Ẹ wo ìbéèrè kẹẹ̀ẹ́dógún."

Ó wò ó. Ó rí méjìlá, ó rí mẹ́jọ. Ó wo ìwé olóǹtẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó tún wò ó, ètè rẹ̀ ń mì.

"Bí mo bá gbé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin wá," ló wí níkẹyìn, "ilẹ̀ á ṣẹ́ kù."

Ìwé náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó balẹ̀ sínú eruku sìmẹ́ǹtì.

"Màmá mi." Kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ jẹ́jẹ́ tó báyìí láti ọ̀sẹ̀ kan. "Méjìlá lọ́nà mẹ́jọ, mélòó ni?"

Ọmọ náà kò wo ìwé. Ojú bàbá rẹ̀ ló wò, ó wò ó kínníkínní, bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, sà."

"Rárá. Èyí tó wà nínú orí ẹ ni kí o sọ."

Ọmọ náà wo àpótí irinṣẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mi ò ní ṣí àpótí yẹn mọ́."

Ó gba ọkùnrin náà ní àkókò díẹ̀ kó tó yé e. Àǹtí Rúlà rí ìgbà tó yé e, nítorí ọwọ́ gbàǹgbà méjèèjì yẹn dìde díẹ̀, wọn kò mọ ibi tí wọn ó bà lé, wọ́n sì padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yíjú sí àwọn páálí tó kù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kó táìlì jáde, ó ń tò wọ́n sórí ilẹ̀ gbígbẹ láìfi sìmẹ́ǹtì sí i, méjìlá, méjìlá. Àǹtí Rúlà kúnlẹ̀, ó ń gbé e fún un. Nígbà tí ìtò mẹ́jọ pé, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Wá. Bọ́ bàtà ẹ. Fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o máa kà á sókè. Má wò mí."

Ọmọ náà bọ́ bàtà, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò ṣì. Ó rìn dé ìparí ìtò kan, ó yí padà, ó bọ́ sí òmíràn. Ní ogójì, ohùn náà ròkè díẹ̀.

"Méjìlélọ́gọ́rin. Mẹ́talélọ́gọ́rin. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin."

Ó dúró. Ó gbójú sókè sí bàbá rẹ̀.

Ìtò kan gbáko ṣì wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, táìlì méjìlá, funfun báláú.

"Máa kà á lọ," ni bàbá wí. Ó ti dọ̀bálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi rẹlẹ̀ ju ti ọmọ lọ. "Màmá mi, máa kà á lọ."

Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Kò gbé e sílẹ̀. Ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò, ó ń wá ìdáhùn níbẹ̀.