Oògùn Tí A Kì Í Mu

Bàbá mi máa ń sọ pé ojú lọba ara, kò sì fi oògùn ojú rẹ̀ ṣeré rí. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun, á dùbúlẹ̀, èmi á sì kán ẹ̀kán kan sójú ọ̀tún, ẹ̀kán kan sí tòsì. Gilokóómà ni dókítà ojú pe àrùn náà. Ó ní èyí tó ti lọ lára ìríran kò lè padà mọ́, èyí tó ṣẹ́ kù là ń ṣọ́.

Àgbẹ̀ oníṣu ni Bàbá, ní Ààyè níbí. Bó bá ń kọ ebè, àwọn ọ̀dọ́ kì í lè bá a. Àfi bó ṣe di pé ebè mẹ́ta, mẹ́rin, á ti fara ti ọkọ́, á máa wá èémí. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ti fẹ́ fi oko ṣe ogún fún wa ni?” Kò rẹ́rìn-ín. Mo bá gbé ọwọ́ lé e láyà. Àyà ẹni tó ń roko nínú oòrùn yẹ kó máa lù kìkìkì, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bíi ti ẹni tó sùn. Ẹ̀rù bà mí.

A lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá, oògùn wo lẹ ń mu?”

“Mi è mu oògùn kankan, ọmọ mi.”

Kò purọ́. Èmi náà jókòó tì í, mo sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mímu ni wọ́n bèèrè, kíkán sì ni tiwa. Níbi gbogbo tí a tún lọ, mímu náà ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú gan-an, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń gun ọ̀pẹ.

Nígbà tó ṣubú sáàárín ebè, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìkọ̀lé. A dúró títí ìrọ̀lẹ́ fi bá wa níbẹ̀, mo bá yọ ìgò oògùn ojú. Dókítà kan tó ń kọjá gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á. Ó ní oògùn yẹn kì í dúró sójú, ó ń gba imú wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń fa ìjánu ọkàn. Bí ara bá ń ṣiṣẹ́, ọkàn yẹ kó sáré. Kò jẹ́ kí ti bàbá sáré. Ó ní ká dá a dúró.

Èémí rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n oògùn mìíràn tí wọ́n fi rọ́pò èyí kò ran ojú. Kí iṣu tuntun tó jáde, ojú méjèèjì ti fọ́. Mo sunkún títí, mo bínú sí ìgò, mo bínú sí ẹni tó kà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní dandan ni kí n mú òun lọ sóko. Ó kọ ebè láìsinmi. Nígbà tó ṣe, ó pè mí, ó fa ọwọ́ mi sí àyà rẹ̀. Ó ń lù kìkìkì.

“O gbọ́? Uṣẹ́ ti wọ̀ mí lára.” Ó kọjú sóko. “Ebè mi gún, àbí?”

Àwọn ebè náà ti gun ara wọn lórí. Èyí tó kọ́kọ́ kọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Mo ní, “Ó gún, Bàbá.”

Ó ní kí n gbé ọkọ́ fún òun.