Eyín Ọ̀tún, Eyín Òsì

Nígbà kíríìsì, tí owó wọ́n níbi gbogbo, ṣéènì tuntun fún ẹ̀rọ ìgégi kò ṣeé rà mọ́. Gbogbo agégi Douala wá ń gbé èyí tó ti gbó wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù wa ládùúgbò New Bell, ká bá wọn fi fáìlì pọ́n ọn. Ọ̀gá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń pọ́n eyín kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò ní dín, kò ní lé. Á máa kà á lábẹ́ ètè bí ẹni ń fa tẹ̀sùbáà. Tó bá parí eyín apá ọ̀tún, á yí ẹ̀rọ padà, á tún bẹ̀rẹ̀ ti òsì. Ìdajì ọjọ́ lórí ṣéènì kan! Mo kà á sí ọ̀lẹ tó fi àdúrà bojú. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà péré, mo gbà pé ojú mi là jù ú lọ. Ẹ wo òmùgọ̀.

"Ọ̀gá, ṣé irin lẹ̀ ń pọ́n ni àbí ẹ̀ ń wẹ òkú?" Níṣojú àwọn oníbàárà ni mo ti bi í.

"Apá tó bá mú jù ni ẹ̀rọ máa fà sí. Pa ẹnu ẹ mọ́, kó o wo ọwọ́ mi."

Mi ò wo nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan tí ọ̀gá lọ kírun, agégi kan dé láti Ndogbong. Onílé ti lé e jáde. Igi kan ṣoṣo tí àwọn àna rẹ̀ fún un ló fẹ́ là sí pákó, kó fi kan ilé kí òjò tó dé. Ó ń bẹ̀ mí kí a ṣe kíá, ó ní ìrọ̀lẹ́ lòun máa padà wá gbà á. Ojú ẹ̀gàn ni mo fi wò ó, ọkùnrin gìrìwò tó ń bẹ irú mi. Mo fi gbogbo agbára pọ́n eyín ọ̀tún, nítorí ó rọ ọwọ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí mo dé ti òsì, apá ti ń ro mí, mo kàn fi fáìlì ra á lórí. Mo tilẹ̀ ń súfèé.

Ọjọ́ kẹta, agégi náà gbé pákó kan lérí dé, ṣéènì lọ́wọ́. Pákó náà wọ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdí nípọn, orí fẹ́lẹ́. Ó ní òun rò pé ọwọ́ òun ló ń gbọ̀n, òun sì ń là á lọ títí igi fi tán.

"Ta ló pọ́n ṣéènì mi?"

Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Ọ̀gá mi fọwọ́ kan àwọn eyín ṣéènì náà wò, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Èmi ni."

"Bàbá, ṣé ojú yín ti fọ́ ni? Ẹ lọ jókòó sílé, kí wọ́n máa fún yín lẹ́kọ mu!"

Ọ̀gá ní kó fi ṣéènì sílẹ̀, òun á tún un pọ́n lọ́fẹ̀ẹ́.

"Kí n wá fi gé kí ni? Òpó iná?"

Àwọn tó ń lẹ táyà lódìkejì bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, tèmi ló tiẹ̀ dún jù.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo gbọ́ pé Deïdo ni agégi náà kó ìyàwó àtọmọ rẹ̀ lọ, sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnì kan. Mo mọ ilé náà. Mi ò débẹ̀ rí láti jẹ́wọ́ fún un.