Fadékẹ́mi Ló Jù Ú sí Gọ́tà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹnu ayé ṣe ń pa ènìyàn láìfi ọ̀bẹ kàn án, ẹ wá sí Agbowó, kí ẹ béèrè ṣọ́ọ̀bù Fadékẹ́mi oní-fotokópì. Ọmọ Ṣakí ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ẹnu ẹ̀ mú. Tójò tẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó bá a nídìí ẹ̀rọ ẹ̀. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sáré gbé iṣẹ́ wá, tó ń làágùn, tó ní kó ṣàánú òun, ó máa ń sọ fún un pé, “Ṣé èmi ni mo ní kí o máa sùn títí dọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á?” Lẹ́yìn náà, á bá a ṣe é.

Nígbà tó bí Démiládé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, àbísínwín kọlù ú. Kì í ṣe ohun ìtìjú, àìsàn ni. Kò sùn, ó ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, ó ní ọmọ tí wọ́n gbé fún òun kì í ṣe tòun. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n tọ́jú ẹ̀, ara ẹ̀ yá. Láti ìgbà náà, bó ṣe ń fọ ẹnu ẹ̀ láràárọ̀ ló ṣe ń lo oògùn ẹ̀. Ìyá ọkọ ẹ̀ ní Àpáta ló gbé ọmọ lọ nígbà náà. Wọ́n ní, títí orí ẹ̀ á fi balẹ̀.

Orí balẹ̀ o! Ọmọ ti wọ iléèwé, eyín àkọ́hù ẹ̀ ti já, òmíràn ti hù, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló ṣì wà. Tí Fadékẹ́mi bá béèrè ọmọ ẹ̀, wọ́n á ní kó ṣe sùúrù. Tó bá gbóhùn sókè, wọ́n á máa wo ojú ara wọn, wọ́n á ní, “Ó tún ti ń bẹ̀rẹ̀.” Àwọn àgbà ní wèrè tó bá ti wọ ọjà kò ṣeé wò mọ́. Fadékẹ́mi ò wọ ọjà kankan. Ẹnu àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀ ló wọ̀, wọn ò sì jẹ́ kó jáde níbẹ̀.

Lọ́dún yìí, ọkọ ẹ̀ Adéróunmú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, gbà níkẹyìn. Ó ní tí wọ́n bá ti wọlé fún táàmù tuntun, Démiládé á wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Fadékẹ́mi ra bẹ́ẹ̀dì kékeré, ó ra báàgì iléèwé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò pariwo, ó ń ṣọ́ra kí nǹkan kan má lọ ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

Ibi tí Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Onídìrí ni, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Fadékẹ́mi. Gbogbo omi tó bá fi fọ irun, omi ọṣẹ, omi ìdọ̀tí, ẹnu ọ̀nà Fadékẹ́mi ló ń dà á sí. Fadékẹ́mi bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó fi ẹjọ́ sun baba onílé, baba ní kí àwọn obìnrin méjèèjì lọ parí ẹ̀ láàárín ara wọn. Ó di ọjọ́ kan, omi náà ṣàn wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì rin páálí pépà tuntun kan gbingbin.

Fadékẹ́mi jáde. Ó ní, “Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan tí omi yín ṣe.”

Obìnrin náà ò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lórí irun tó ń dì. Ó ní, “Omi ò lójú. Gbá a kúrò níbẹ̀.” Àwọn oníbàárà ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Fadékẹ́mi wọlé tọ̀ wọ́n. Diráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun wà lórí irin tó gbé e dúró. Ó yọ wáyà ẹ̀ lára iná, kí iná má baà gbé ẹnikẹ́ni. Ó gbé e jáde, ó wo gọ́tà lọ́tùn-ún, ó wo tòsì. Tòsì ló jìn jù, ibẹ̀ ló jù ú sí. Gbàà! Ó gbọn ọwọ́ ẹ̀ nù, ó padà sídìí iṣẹ́. Ṣé ó dáa? Kò dáa, nǹkan olóhun ni.

Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá kígbe, àdúgbò péjọ, wọ́n pe Adéróunmú. Nígbà tó dé, kò bi ìyàwó ẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ gbọ́ o, kò bi í! Ó kàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá, lójú baba onílé àti gbogbo èrò.

“Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe jẹ́. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀, àìsàn yẹn ni.”

Kíá ni ojú Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá rọ̀. “Háà! Mo mà ti gbàgbé. Àbísínwín ọjọ́sí, àṣé kò tíì tán lára ẹ̀. Ẹ dìde, ọkọ wa, ta ló ń bá aláìsàn jà?” Ó yíjú sí Fadékẹ́mi. “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?”

Pẹ̀lẹ́! Nínú gbogbo èébú tó ti jẹ lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tó dùn ún tó pẹ̀lẹ́ yẹn. Ẹni tó ń da omi ìdọ̀tí síta fún ọmọnìkejì ti di aláàánú, ẹni tí omi ba ọjà ẹ̀ jẹ́ ti di wèrè, kò sì sí ẹni tó máa dárúkọ omi mọ́. Adéróunmú wá sún mọ́ ọn, ó rọra sọ fún un pé, “Jẹ́ ká ṣì fi Démiládé sílẹ̀ ní Àpáta ná. Tó bá di táàmù mìíràn…”

 Fadékẹ́mi kọjá lára ọkọ ẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá, torí àgbà ni. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ẹni tó kúnlẹ̀ rárá.

“Mà, ẹ má kí mi ní pẹ̀lẹ́. Mo lo oògùn mi láàárọ̀, mo mu ògì lé e. Kò sí ohùn kankan tí mo gbọ́ lónìí àfi tiyín tó ní omi ò lójú. Mo yọ wáyà lára iná kí n tó gbé diráyà yín. Mo wá gọ́tà tó jìn jù, torí mo fẹ́ kó bàjẹ́. Inú ló bí mi! Ẹ̀yin ń bínú, baba onílé ń bínú, kí ló dé tó jẹ́ pé tèmi nìkan ló ń di àìsàn? Nígbà tí mo ṣàìsàn, mo ṣàìsàn lóòótọ́, ẹ ṣàánú mi, ẹ ṣeun. Èyí tòní, èmi ni mo ṣe é. Mo jẹ̀bi, màá ra òmíràn fún yín. Ẹ̀yin náà ẹ ó wá ibòmíràn da omi yín sí, ẹ ó sì fi páálí pépà mìíràn dípò tèmi.”

 Àánú fò lọ lójú Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá.

“O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é? Ìkà! Ìkà ni ẹ́! Nítorí omi lásán! Tuntun ni wàá rà, n ò ní gba àlòkù! Èmi àti ẹ a máa dé àgọ́ ọlọ́pàá!”

“Ẹ jẹ́ ká lọ, mà,” ni Fadékẹ́mi wí. Ó dìde, ara tù ú. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá a jà bí ènìyàn.

Baba onílé wúkọ́. “Tóò, tó bá rí bẹ́ẹ̀, Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá, ọ̀rọ̀ omi yẹn ńkọ́?” Ni àwọn èrò bá dá sí i, oníkálukú ń sọ tiẹ̀.

Adéróunmú fa ìyàwó ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òógùn ti bò ó. “Mo ti bá ẹ parí ẹ̀, o tún tú u ká! Wọ́n ti ń pè ẹ́ ní ìkà ní gbangba. Kí ni kí n sọ fún Màámi báyìí?”

“Ẹ sọ fún wọn pé ìkà ni mí, Bàbá Démiládé. Ẹ wo Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn. Ta ló gba ọmọ lọ́wọ́ ìkà rí? Ọ̀la ni mò ń lọ mú ọmọ mi ní Àpáta.”